Ogbó Mọ̀nà, Ṣùgbọ́n Kò Gé Gbogbo Igbó: Ìtàn Igbó Àìwọ̀ ní Ilẹ̀ Ìgbómìnà

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò lónìí jẹ mọ́ igbó, igi, àti àwọn tí ń ṣọ́ wọn ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ń sọ̀rọ̀ igbó. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa bí àwọn baba ńlá wa ṣe bá igbó gbé, inú ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi í pamọ́ sí: inú orúkọ ìlú, orúkọ igi, òwe àti èèwọ̀. Níbi tí kò bá sí ìwé, èdè ni à ń tú wò.

Ìbéèrè tí ó wà lọ́kàn mi rọrùn láti bi, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti dáhùn. Nígbà tí kò sí ẹ̀ka ìjọba kan tí ń rí sí ọ̀rọ̀ igbó, tí kò sí ẹ̀ṣọ́ igbó kankan, ta ni ó dá igi sí? Nísinsìnyí tí ìjọba wà, tí ẹ̀ṣọ́ sì wà, èé ṣe tí igi ń tán lọ?

Orúkọ tí àdá fún wa

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ ẹ̀yà náà gan-an. Ìtàn tí ọ̀pọ̀ Ìgbómìnà gbà ni pé nígbà tí Ọ̀ràngún Fágbàmílà, ẹni tí a tún mọ̀ sí Ajagunńlà, fẹ́ kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, Odùduwà fún un ní àdá kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ogbó. Àdá yìí ni ó ń la ọ̀nà fún wọn nínú igbó kìjikìji, tí wọ́n fi ń sọ pé "Ogbó mọ̀nà". Láti inú gbólóhùn yìí ni wọ́n ní orúkọ Ìgbómìnà ti jáde.

Ẹni tí ó bá kọ́ ẹ̀kọ́ fonọ́lọ́jì yóò gbà pé "mọ̀ ọ̀nà" lè di "mọ̀nà" láìsí wàhálà, nítorí ìpajẹ fáwẹ̀lì ni. Ohun tí yóò béèrè ni bí "mọ̀nà" ṣe wá di "mìnà", àti bí fáwẹ̀lì tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà ṣe yí padà. N kò fẹ́ fi èyí ba ìtàn jẹ́. Ìtàn tí àwọn ènìyàn bá sọ nípa orúkọ ara wọn ń fi bí wọ́n ṣe rí ara wọn hàn, yálà ó bá òfin ìró mu tàbí kò bá a mu. Ìgbómìnà rí ara wọn gẹ́gẹ́ bí ọmọ àdá, àwọn tí wọ́n la igbó kọjá kí wọ́n tó di ìlú.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Ẹ̀yà tí ó gba orúkọ lọ́wọ́ àdá ni ó tún dá àwọn igbó kan sí, tí ó ní kí àdá má ṣe kàn wọ́n títí láé. Wọn kò jẹ́ kí ọwọ́ tí ń gé igi gé gbogbo rẹ̀ tán.

Igbó pọ̀ ju ẹyọ kan lọ

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kọ́ ni Yorùbá ní fún igbó. Ẹgàn ni igbó ńlá tí ẹnikẹ́ni kò tíì dáko sí. Ìgbẹ́ ni ibi tí ewéko ti hù padà. Pápá ni ibi tí koríko ti borí igi. Àkùrọ̀ ni ilẹ̀ ẹ̀bá odò. Ahoro ni ibi tí ènìyàn ti gbé rí, tí igbó ti gbà padà. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni àwọn igbó tí a mọ̀ nípa òfin wọn: ìgbàlẹ̀ tí í ṣe ti egúngún, igbó Orò, àti igbó àìwọ̀ ní gbogbogbòò. Bí a bá pe ibì kan ní ẹgàn, ohun tí ó hù níbẹ̀ ni a sọ. Bí a bá pè é ní igbó àìwọ̀, a ti pa àṣẹ fún ẹni tí ń gbọ́.

Ilẹ̀ Ìgbómìnà wà níbi tí igbó àti pápá ti pàdé. Ní Òmù-Àrán, ní Èsìẹ́, ní Òrò, títí dé àgbègbè ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ omi Òwu ní Ọ̀wá-Kájọlà, níbi tí omi ti ń já láti orí àpáta tí gíga rẹ̀ lé ní mítà 100, ènìyàn yóò rí igi pápá bí èmí, ìgbá, ìyá àti àyìn. Yóò sì tún rí ìrókò, àràbà àti apá, pàápàá ní ẹ̀bá odò. Àwọn onímọ̀ nípa ewéko sọ pé ọ̀pọ̀ pápá irú èyí kì í ṣe pápá láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Igbó ni wọ́n tẹ́lẹ̀, kí oko dídá àti iná ọdọọdún tó sọ wọ́n di pápá. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé igbó àìwọ̀ tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn ìlú ju ojúbọ lọ. Ẹ̀rí ni ó jẹ́ nípa bí gbogbo ilẹ̀ náà ti rí kí a tó dé ibẹ̀.

Ogun náà kópa nínú ìtàn yìí. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ ogun Nupe, ti Ìlọrin àti ti Ìbàdàn fi ìyà jẹ ilẹ̀ Ìgbómìnà léraléra. Àwọn Ìgbómìnà wà nínú Èkìtìparapọ̀ tí ó kojú Ìbàdàn nínú ogun Kírìjì, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà rẹ̀ ní 1886. Àwọn ìlú kan tú, àwọn mìíràn sá lọ sí orí òkè. Níbi tí ènìyàn ti sá lọ, igi padà. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń wo igbó kan ní agbègbè yìí, ó yẹ kí a bi ara wa bóyá ẹgàn àtayébáyé ni tàbí ahoro tí ogun fi sílẹ̀. Igbó ní ìtàn gẹ́gẹ́ bí ìlú ti ní ìtàn.

Èsìẹ́: igbó tí ó pa òkúta mọ́

Àpẹẹrẹ tí ayé mọ̀ jùlọ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ni ti Èsìẹ́. Ìtàn ẹnu ìlú náà sọ pé ọdẹ kan tí ń jẹ́ Baragbọ́n ni ó kọ́kọ́ rí àwọn ère òkúta nínú igbó, ní nǹkan bí ọdún 1775. Àwọn ère náà lé ní 800. Òkúta rírọ̀ ni wọ́n fi gbẹ́ wọn: ọkùnrin àti obìnrin, ọ̀pọ̀ nínú wọn jókòó lórí àpótí, wọ́n di irun lọ́nà àrà, àwọn kan mú àdá lọ́wọ́, àwọn kan mú ohun èlò orin. Àwọn kan kéré, àwọn mìíràn sì ga tó mítà kan. Ìtàn kan ní àlejò ni wọ́n tí wọ́n di òkúta. Èyí tí ó tóbi jù láàárín wọn ni à ń pè ní Ọba Ère. Àwọn tí ó ṣe ìwádìí lórí ohun amọ̀ ibẹ̀ tọ́ka sí nǹkan bí ọdún 1100, èyí tí ó fi hàn pé àwọn ère náà ti pẹ́ gan-an kí Baragbọ́n tó bá wọn pàdé.

Ní 1933, H. G. Ramshaw, ẹni tí ó jẹ́ alábòójútó ilé ẹ̀kọ́ fún ìjọ C.M.S., fi ọ̀rọ̀ àwọn ère náà tó àwọn aláṣẹ létí. Ní 1945, wọ́n ṣí ilé kan fún wọn ní Èsìẹ́, òun ni ó sì jẹ́ mùsíọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ní 1978, ìwé ńlá tí Phillips Stevens kọ nípa wọn jáde. Ohun tí gbogbo ìwé ìtàn máa ń sọ nìyí, ó sì dára.

Ẹ jẹ́ kí a ka ọdún náà lọ́nà mìíràn. Bí a bá gba ìtàn ìlú gbọ́, láti 1775 sí 1933 jẹ́ ọdún 158. Ní gbogbo ìgbà yẹn, kò sí mùsíọ́ọ̀mù, kò sí olùṣọ́ tí ń gba owó oṣù, kò sí òfin kankan nínú ìwé. Ohun tí ó wà ni igbó, àwòrò tí ń bọ ère, ọdún ère tí ìlú ń ṣe, àti èèwọ̀. Igbó náà ni ó fi òjìji bo òkúta, òkúta náà ni ó sì mú kí ọwọ́ má kan igbó. Ọ̀kan ń ṣọ́ èkejì. Nígbà tí àwọn òyìnbó dé, ère nìkan ni ojú wọn rí, wọ́n sì kọ́ ilé fún ère. Wọn kò ṣẹ̀ nínú èyí, nítorí ère ń fọ́, olè sì wà. Síbẹ̀, láti ìgbà náà ni a ti ń sọ̀rọ̀ Èsìẹ́ bí ẹni pé òkúta nìkan ni ìlú náà pa mọ́ fún wa.

Màrìwò, ààlè àti èèwọ̀

Báwo ni òfin tí a kò kọ sílẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́? Àmì ni ó fi ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ka ìmọ̀ tiwa sì ni ọ̀rọ̀ àmì. Bí a bá ta màrìwò sí ẹnu ọ̀nà igbó kan, ọmọdé tí kò mọ ìwé yóò kà á: ẹni tí kì í ṣe awo kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Bí a bá so ààlè mọ́ igi eléso, bóyá àkísà, ìkarahun ìgbín tàbí ṣíṣírí àgbàdo, olè mọ ohun tí ó wí. Àwọn àmì wọ̀nyí jẹ́ gbólóhùn tí ó pé. Wọ́n ní olùsọ, wọ́n ní ẹni tí a ń bá wí, wọ́n sì ní ìjìyà fún ẹni tí ó bá kọ etí ikún.

Èèwọ̀ ní tirẹ̀ pé oríṣiríṣi. Èyí kan wà tí ó de ibi: má ṣe wọ igbó yìí. Èyí kan de ìgbà: má ṣe lọ sí oko ní ọjọ́ yìí. Èyí kan de ẹ̀dá: ìdílé yìí kì í jẹ ẹran yìí. Èyí kan de igi: a kì í déédéé gé ìrókò láìṣe ètùtù. Bí a bá to gbogbo wọn pọ̀, a ó rí i pé ilẹ̀ ní ibi ìsinmi, ọdún ní ọjọ́ ìsinmi, ẹranko sì ní ìdílé tí kò ní pa á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo gbà gbọ́ níhìn-ín, nítorí àwọn kan ń sọ àsọdùn. N kò rò pé àwọn baba wa dá igbó àìwọ̀ sílẹ̀ nítorí kí àwọn ẹ̀dá abẹ̀mí má baà run. Wọ́n dá a sílẹ̀ nítorí òkú, nítorí òrìṣà, nítorí awo àti nítorí àlàáfíà ìlú. Ẹ̀rù wà níbẹ̀, agbára àwọn kan lórí àwọn mìíràn sì wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin tí Orò máa ń sé mọ́lé mọ èyí dáradára. Àmọ́ ohun tí ènìyàn ṣe nítorí ìdí kan lè mú èso mìíràn jáde. Ìpamọ́ igi ni èso tí èèwọ̀ so, bí kò tilẹ̀ jẹ́ pé nítorí èso yẹn ni a ṣe gbìn ín.

Ibì kan wà tí ìpamọ́ ti jẹ́ ohun tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, ìyẹn inú oko. Nígbà tí àgbẹ̀ Ìgbómìnà bá ń ṣán oko, kì í gé èmí àti ìgbá. Èso èmí ni a fi ń ṣe òrí, èso ìgbá ni a fi ń ṣe irú, iṣẹ́ méjèèjì sì wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin. Ẹni tí ó bá gé igi ìgbá ti gé ọwọ́ ìyá rẹ̀ kúrò nínú òwò. Òfin yìí kò nílò ẹ̀rù, nítorí ọbẹ̀ ni ó ń ṣọ́ ọ.

Ìgbà tí ìjọba di baálé igbó

Ìjọba amúnisìn mú èrò tuntun wá. Ní 1899 ni wọ́n ya igbó Olókèméjì sọ́tọ̀, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Òfin igbó tẹ̀ lé e ní 1901. Igbó Ọmọ̀, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn lónìí, di ti ìjọba ní 1925. Àwọn ènìyàn wa pe irú igbó bẹ́ẹ̀ ní rìsáàfù. Ẹ kíyè sí i pé a kò wá orúkọ Yorùbá fún un. Ọ̀rọ̀ àyálò ni, nítorí àjèjì ni ohun náà jẹ́. Igbó àìwọ̀ jẹ́ ti ìlú, ìlú sì mọ ìdí tí kò fi gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Rìsáàfù jẹ́ ti ìjọba, ẹni tí ó bá sì wọ̀ ọ́ lóru láti gé igi kò rò pé òun ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ilẹ̀ Ìgbómìnà ní ìṣòro mìíràn. Ìjọba pín in sí méjì. Èyí tí ó pọ̀ bọ́ sábẹ́ Ẹkùn Ìlọrin ní Àríwá, ó sì di ara Ìpínlẹ̀ Kwara nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1967. Ìlá Ọ̀ràngún àti àwọn ìlú tí ó yí i ká wà ní ìhà kejì, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí. Nígbà tí ó tún di 1978, òfin ìlò ilẹ̀ fi ilẹ̀ gbogbo ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ìlú tí ó ní igbó àìwọ̀ kò ní ìwé kan tí yóò fi hàn nílé ẹjọ́ bí ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ bá dé.

Kò sì yẹ kí a sọ pé gbogbo ohun tí ìjọba ṣe ni kò dára. Ní Òṣogbo, wọ́n kéde apá kan igbó Ọ̀ṣun gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 1965, wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ ní 1992 títí ó fi kó gbogbo hẹ́kítà 75 náà mọ́ra. Ní 2005, UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àjogúnbá àgbáyé. Iṣẹ́ Susanne Wenger, ẹni tí ó wá láti Austria ní 1950 tí ó sì kú ní Òṣogbo ní 2009, àti ti àwọn olórìṣà àti oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, ni ó ṣáájú gbogbo ìwé yìí. Àwọn tí ó ka ewéko igbó náà rí oríṣi tí ó lé ní 400, èyí tí ó lé ní 200 nínú wọn sì jẹ́ ewé ìwòsàn. Nínú hẹ́kítà 75 péré! Ìyàtọ̀ tí mo rí láàárín Òṣogbo àti Èsìẹ́ ni pé ní Òṣogbo, igbó àti ère jọ wọ inú òfin pọ̀.

Ẹyẹ kan tún wà tí ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Ní 1951, J. H. Elgood, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, rí irú ẹ̀gà kan tí kò sí nínú ìwé kankan. Ní 1958 ni ó ṣàlàyé rẹ̀ fún ayé, wọ́n sì fi orúkọ Ìbàdàn pè é: Malimbus ibadanensis. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni a ti mọ̀ ọ́n ní gbogbo ayé, ó sì wà lára àwọn ẹyẹ tí ìparun ń halẹ̀ mọ́. Inú àwọn igbó tí ó ṣẹ́kù láàárín oko ni ó ń gbé. Ẹ wo bí ilẹ̀ Yorùbá ṣe ní ẹyẹ tí kò sí níbòmíràn, tí púpọ̀ nínú wa kò sì mọ̀ pé ó wà.

Ohun tí ó ti òkè òkun wá àti ohun tí ó lọ

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ igbó ilẹ̀ olóoru, ọkàn ayé máa ń lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà, sí Amazon. Àwa náà ní ìbátan níbẹ̀. Dágunró, ewéko ẹlẹ́gùn-ún tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí "dá ogun ró", ará Gúúsù Amẹ́ríkà ni. Pàtànmọ́ tí ń pa ewé rẹ̀ dé bí a bá fọwọ́ kàn án, ará ibẹ̀ náà ni. Ọlọ́jọ́ kúkúrú ni èyí tí àwọn kan ń pè ní Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní Awólọ́wọ̀: òyìnbó ń pè é ní Chromolaena odorata, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá, nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1930 ni ó sì dé Nàìjíríà. Orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ ìgbà tí ó gba oko wa: ìgbà rògbòdìyàn Ìwọ̀-Oòrùn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1962, nígbà tí ewéko tí kò gbà kí a fà á tu mú àwọn ènìyàn rántí olóṣèlú tí kò gbà láti kúrò lórí oyè. Bí orúkọ ewé ṣe ń di ìwé ìtàn nìyí.

Tiwa náà lọ. Obì, pèrègún àti akòko bá àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú dé Brazil. Ìrókò kò lọ, ṣùgbọ́n àwọn olórìṣà ní Bahia wá igi ibẹ̀ kan tí ó jọ ọ́ ní ọlá, tí àwọn ará Brazil ń pè ní gameleira, wọ́n sì sọ ọ́ ní Iroco. Orúkọ dé láìsí igi, ó sì wá igi tirẹ̀. Pierre Verger, tí a mọ̀ sí Fátúmbí, kó ìmọ̀ ewé yìí jọ sínú ìwé rẹ̀ tí ń jẹ́ Ewé, èyí tí ó jáde ní Brazil ní 1995. Ní 1984, ìjọba Brazil fi òfin dáàbò bo Casa Branca ní Salvador, ilé òrìṣà àkọ́kọ́ tí ó rí irú ààbò bẹ́ẹ̀ gbà.

Inú Amazon gan-an ni mo ti rí ẹ̀kọ́ tí ó kan ìbéèrè wa jùlọ. Chico Mendes jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ń gba oje igi rọ́bà ní Acre. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń lọ dúró níwájú àwọn tí ó fẹ́ gé igbó, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ wọn. Wọ́n pa á ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá, 1988. Ní 1990, ìjọba ya igbó ńlá kan sọ́tọ̀ ní orúkọ rẹ̀, níbi tí àwọn tí ń gbé inú igbó ti ní ẹ̀tọ́ láti máa jẹun nínú rẹ̀, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọ. Wọn kò lé ènìyàn jáde kí igi lè wà.

Ní Mamirauá, ní ìpínlẹ̀ Amazonas, José Márcio Ayres tí ó wá ṣe ìwádìí ọ̀bọ ni ó ṣiṣẹ́ títí tí ìjọba fi sọ ibẹ̀ di igbó àpapọ̀ èrò àti ẹ̀dá ní 1996. Ẹja ńlá kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ pirarucu, tí ó gbọ́dọ̀ máa yọrí sókè láti mí. Àwọn apẹja àgbà mọ bí a ṣe ń kà á bí ó bá yọrí. Láti 1999 ni wọ́n ti ń fi iye tí apẹja kà pinnu iye tí wọn yóò pa, wọn kì í sì í pa ju ìdá 30 nínú 100 àwọn tí ó ti dàgbà lọ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fi ọ̀nà tiwọn yẹ iye náà wò, ó bá a mu. Ẹja náà sì pọ̀ sí i. Ìmọ̀ àgbà di ìmọ̀ ìwé láìjẹ́ pé ọ̀kan gba ipò èkejì.

Èèwọ̀ nìkan kò tó mọ́

Àwọn kan yóò sọ pé kí a padà sí èèwọ̀, gbogbo rẹ̀ yóò sì dára. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Èèwọ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tí gbogbo ìlú bá ti gbà á gbọ́. Ní Òmù-Àrán àti Èsìẹ́ lónìí, mùsùlùmí wà, onígbàgbọ́ wà, ẹni tí ó ra ilẹ̀ láti ìlú mìíràn wà, gbogbo wọn sì jẹ́ ọmọ ìlú. Ọ̀dọ́ tí ó ń sun èédú tà kò bẹ̀rù màrìwò. Èédú ti di òwò ńlá ní Kwara, èmí àti ìgbá tí àgbẹ̀ kì í gé tẹ́lẹ̀ sì wà nínú ohun tí iná ń jó. Ohun tí ó ṣọ́ igi náà tẹ́lẹ̀ ni ọbẹ̀. Bí owó èédú bá ti yá ju owó irú lọ, ọbẹ̀ kò lè ṣọ́ ọ mọ́. Ẹ rántí kosso pẹ̀lú, igi pápá tí wọ́n ń kó lọ sí Ṣáínà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fi ní láti fi òfin de òwò rẹ̀ ní ìparí 2016.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Boabeng àti Fiema, abúlé méjì ní Gánà. Ọ̀bọ jẹ́ ọmọ òrìṣà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í pa á. Nígbà tí ìjọ tuntun kan dé, àwọn ọmọ ìjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọ̀bọ láti fi hàn pé òrìṣà kò lágbára. Àwọn ará ìlú kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún òrìṣà nìkan. Wọ́n bẹ ìjọba, ìjọba ìbílẹ̀ sì ṣe òfin ní 1975 tí ó sọ èèwọ̀ náà di ohun tí gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ pa mọ́, láìka ẹ̀sìn sí. Ọ̀bọ wà níbẹ̀ di òní. Ní orílẹ̀-èdè Benin, ìjọba fi àṣẹ jáde ní 2012 tí ó fún igbó òrìṣà ní ipò nínú òfin. Ohun tí ó jọra nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ìlú ni ó kọ́kọ́ pinnu, òfin sì tẹ̀ lé ìpinnu ìlú.

Ọ̀kan nínú irú ọ̀bọ méjì tí ó wà ní Boabeng àti Fiema ni ẹdun. Ẹ̀yin tí ẹ mọ oríkì ìbejì mọ ẹdun. Ẹranko yìí ti wà ní bèbè ìparun káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn ọmọ wa ń ki ìbejì pẹ̀lú orúkọ ẹranko tí wọn kò rí rí, tí wọ́n sì lè má rí láéláé. Èyí ni ó kan èmi gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ ẹ̀dá-èdè. Nígbà tí ẹ̀dá bá run, orúkọ rẹ̀ a di ọ̀rọ̀ òfìfo nínú oríkì. Nígbà tí orúkọ bá sì run, ẹni tí ó bá rí ẹ̀dá náà kò ní mọ̀ pé ohun kan ni òun ń pa.

Iṣẹ́ tí ó kù fún wa

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn yín nìyí. Ẹ̀ka-èdè Ìgbómìnà ní orúkọ igi, ewé, ẹyẹ àti kòkòrò tí kò sí nínú ìwé atúmọ̀-èdè wa. Yunifásítì wà ní Ìlọrin láti 1975, ọ̀kan sì wà ní Òmù-Àrán gan-an láti 2011. Kò sí ìdí tí akẹ́kọ̀ọ́ èdè àti akẹ́kọ̀ọ́ ewéko kò fi lè jọ lọ bá ọdẹ kan, oníṣègùn kan, àti ìyá kan tí ń ṣe òrí. Kí ẹni kìíní kọ orúkọ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pérépéré, kí ẹnì kejì mú ewé náà, kí àgbà sọ ohun tí a fi ń ṣe. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ baálé àti àwòrò kí ẹ tó súnmọ́ igbó. Ohun tí wọ́n bá ní kí ẹ má kọ, ẹ má kọ ọ́. Kí ẹ sì dá ẹ̀dà ohun tí ẹ bá kọ padà fún ìlú, kí ìlú lè ní ìwé lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí ẹnìkan bá fẹ́ gba igbó náà.

Àwọn àgbà ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Ìmọ̀ kan kì í dá a ṣọ́ pẹ̀lú. Ogbó la ọ̀nà fún Ìgbómìnà nínú igbó, ó sì mọ ibi tí ó yẹ kí ó ti dúró. Ọ̀rọ̀ ku sọ́wọ́ àwa tí àdá wà lọ́wọ́ wa nísinsìnyí. Bí ìlú yín bá ní igbó àìwọ̀, ẹ lọ béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn àgbà, kí ẹ sì béèrè orúkọ àwọn igi inú rẹ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ mọ níbí ná. Ire o.